Àwọn Gbólóhùn Ojú Pátákó

Àǹtí Àfiwé ni orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́, kò sì bínú sí i, nítorí kí ènìyàn tó bínú, nǹkan ní láti kọ́kọ́ dùn ún. Ọnà èdè ló ń kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, gbogbo ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ wọni létí: àfiwé, àsọdùn, àdàpè, ìfohunpènìyàn tó ń sọ igi àti òkúta di ẹni tó ń fọhùn, ìbéèrè pèsìjẹ tí kò wá ìdáhùn. Ẹni tó bá jókòó ní kíláàsì rẹ̀ fún sáà kan péré kò ní lè gbọ́ kí ìyá rẹ̀ ní "ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa" mọ́, kó má sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àsọdùn nìyẹn. Olùkọ́ gidi ni. Àwọn ọmọ ń yege lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí àwọn ọmọ náà kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀hún ti bá olùkọ́ wọn délé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èrò kún ilé wọn, oníkálukú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́nu. Ẹnìkan wọlé, ó ní òpó ilé ti yẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dáhùn pé: àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ẹnìkan ní màmá ti lọ sinmi. Ọkàn rẹ̀ ní: àdàpè. Ẹlòmíràn na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìgbọ́únjẹ tó wà ní igun, ó ní ẹ̀rọ náà gan-an ń dárò ẹni tó ń lò ó. Ìfohunpènìyàn. Bí ó ṣe ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀, tí kò ríbi gbà wọlé. Ó fi àga fún àlejò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, kò sunkún. Wọ́n ní akọni obìnrin ni. Ó ti ń lọ sí ọdún kẹta báyìí, kò tíì sunkún, ẹ̀rín tó bá sì rín, orí eyín ló ń mọ. Ara rẹ̀ kú sí ohun gbogbo, ó sì ti mọ́ ọn lára.

Ọwọ́ rẹ̀ ló tú àṣírí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó ń kọ nǹkan sójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì mọ̀ títí tó fi gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà já bọ́. Àwọn ọmọ rò pé eré ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ní iṣan kan ló há ní ìgúnpá rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ra ara àwọn aláìsàn ní ọsibítù. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Fisíò.

Yàrá Fisíò kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi awọ rọ́bà bò, dígí gígùn kan lára ògiri, bọ́ọ̀lù rọ́bà nínú ike, àti okùn tí wọ́n so kọ́ òkè àjà fún àwọn tí apá wọn kò ṣe é gbé. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó ń lò jù kò sí nínú gbogbo wọn. Ìbéèrè ni. Bí aláìsàn bá ti jókòó, yóò ní, "Kí ló jọ?" Bàbá arúgbó kan ní ẹsẹ̀ òun dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Awakọ̀ kan ní ẹ̀yìn òun dà bí aṣọ tútù tí wọ́n ń fún. Fisíò kì í rẹ́rìn-ín sí wọn. Láti inú àfiwé yẹn ló ti ń mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ lé: bó bá ń jó bí iná, ọ̀nà ibẹ̀ yàtọ̀, bó bá ń fà bí okùn, ọ̀nà ibẹ̀ tún yàtọ̀. Àǹtí Àfiwé jókòó, ó ń gbọ́, ẹnu yà á díẹ̀. Kò rò ó rí pé àfiwé ṣe é fi ṣiṣẹ́ bí ẹni ń lo òòlù.

Ó kàn án. Fisíò gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì, ó ń tẹ ìka kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí, ọwọ́ yìí, kí ló jọ?"

"Kò jọ nǹkan kan."

"Gbogbo nǹkan ló jọ nǹkan."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo mọ̀. Ẹ bi mí nípa ọwọ́ ẹlòmíràn, màá wá nǹkan tó jọ fún yín kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n tèmi yìí, kò jọ nǹkan kan."

Fisíò dáwọ́ dúró, ó wo ojú rẹ̀. "Ẹ ṣeun," ni ó wí. "Àwọn mìíràn á ti purọ́ fún mi, kí n má baà rò pé wọn ò mọ̀ ọ́ sọ."

Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Fisíò á fi búrọ́ọ̀ṣì ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á ní kó ti ọwọ́ bọ abọ́ ìrẹsì kó wá bọ́tìnnì níbẹ̀ láìwò. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá tí kò gbọ́ràn. Ìka rẹ̀ ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tó rí gbogbo bọ́tìnnì kó jáde, Fisíò nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó ní, "Láti òní lọ, ẹ kì í ṣe aláìsàn mi mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ yìí. Ṣé mo lè máa pè yín?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi í léèrè ìdí tó fi gbà, kò ní lè sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ló dáhùn.

Ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyẹn, bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ ni a lè pè é. Wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta ọsibítù lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ń ra búrẹ́dì, wọ́n ń bù ú jẹ. "Ẹ" di "o" láàárín wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Fisíò ní, "Bí o bá ti lọ tán, mo máa ń rí bí ẹsẹ̀ tó kán, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé símẹ́ǹtì kúrò lára rẹ̀. Ó máa ń fúyẹ́ jù. Èèyàn ò ní mọ bó ṣe máa gbé e rìn."

Àfiwé tààrà, ni ọkàn Àǹtí Àfiwé wí. Ó sì mọ̀ pé àfiwé tó dára ni, pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ rí kí ọkùnrin yìí tó sọ ọ́. Kò wọ̀ ọ́ lára. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń wo oúnjẹ láti ẹ̀yìn dígí.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Fisíò bi í. "Báwo ló ṣe máa ń rí lára rẹ?"

Àǹtí Àfiwé wá inú ara rẹ̀ yíká. Kò bá nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé kò fẹ́ kí ọkùnrin náà dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Dídákẹ́ náà ń pẹ́ jù, ó sì rí i tí ojú Fisíò bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹ̀rù bà á, bó ti wù kí ẹ̀rù náà kéré mọ. Ẹnu rẹ̀ wá gba ibi tó mọ̀ lọ.

"Ìwọ ni fìtílà tó ń tàn ní yàrá ọkàn mi," ni ó wí.

Ojú Fisíò tàn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó tún ṣe, obìnrin náà fún un ní òmíràn: "Ìlẹ̀kùn ilé wa ti ń bi mí léèrè rẹ." Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn. Olùkọ́ ni, gbólóhùn kò wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti fún un tán, tó ń dá nìkan rìn lọ sílé, ó máa ń rò ó pé ní ọjọ́ tí ọkùnrin yìí bá mọ̀ pé kò sí nǹkan lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, yóò lọ. Bó bá sì lọ, kò mọ ẹni tó tún kù tí òun fẹ́ kó dúró.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ṣe irun, tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní Àǹtí lásán, ni alárinà. Àǹtí yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan ní ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀, ó pẹ́ títí irun fi hu lórí òkúta. Ẹni tó bá sanra díẹ̀, ilẹ̀kùn ń sá fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá jẹ́ kí ọkùnrin yìí lọ, màá wọ inú ilẹ̀ lọ láàyè, màá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi lẹ́yìn." Òun ló mú Fisíò wá sọ́dọ̀ bàbá.

Bàbá Àǹtí Àfiwé, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nítorí ojú, kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá fi ìbéèrè sọ ọ́. Bó ti ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Kì í ní ilẹ̀ gbóná; yóò ní, "Ta ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ gbóná?" Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń dá a lóhùn. "Ta ló tún fi fèrèsé sílẹ̀ lójú òjò?" "Èmi ni, mo sì tún máa fi sílẹ̀ lọ́la." Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó ti kú, ìbéèrè ọkùnrin náà ń bọ́ sílẹ̀ nínú ilé, ẹnikẹ́ni kì í mú un.

Fisíò kò mọ èyí. Ó wọlé, ó kí bàbá, ó jókòó sí etí àga.

Bàbá wò ó tòkè-tilẹ̀. "Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń wá fẹ́ ọmọ ènìyàn?"

"Rárá, sà," ni Fisíò dáhùn. "Ó yẹ kí n ti wá tipẹ́."

Àǹtí yí ojú padà. Bàbá gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ kí ọkùnrin máa fi ọwọ́ ra ará ìta kiri?"

"Fisíò ni wọ́n ń pè é, sà. Orúnkún yín òsì ń dùn yín, mo rí bí ẹ ṣe jókòó. Mo lè wò ó."

"Ta ló ní orúnkún mi ń dùn mí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ò kàn tíì sọ ọ́ ni."

Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú ibẹ̀ pé kí wọ́n sin àlejò jáde. Nígbà tí Fisíò ti lọ, ó ní ọmọ yẹn kò ní ọ̀wọ̀, pé ẹni tí ń dá àgbà lóhùn gbólóhùn fún gbólóhùn kò ní fẹ́ ọmọ òun, ó tán.

Àǹtí wọlé tọ̀ ọ́. Àǹtí Àfiwé dúró sí ọ̀nà àárín yàrá, ó ń gbọ́.

"Bùrọ̀dá, ta ló máa ń dá yín lóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí?"

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá kò bèèrè nǹkan kan. "Mo gbọ́ ọ," ni ó wí. "Bó ṣe dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kejì, mo wẹ̀yìn wò. Mo wẹ̀yìn wò bíi wèrè, mo ń wá a." Bàbá fun imú rẹ̀. "Ní kó padà wá. Kó wá wo orúnkún náà."

Àǹtí Àfiwé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ láti ojú ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, ó rí bí èjìká rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ nínú òun. Ó dúró dè é. Nígbà tí kò ṣẹlẹ̀, ó lọ gbé omi ka iná fún tíì.

Ìyá Fisíò ló kù. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, obìnrin tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá tó. Àǹtí Àfiwé lọ kí i, ó sì sọ̀rọ̀ dáadáa, ó yin ilé, ó yin ọmọ, ó ní ìyá ni orísun tí odò dídùn ti ń ṣàn. Ìyá náà gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tó lọ tán, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹnu rẹ̀ dùn. Ojú rẹ̀ ni mi ò tíì rí." Fisíò ní ojú ń tì í ni. Ìyá ní kò burú. Wọ́n mú ọjọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tí tọkọtaya yóò gbà.

Ilé yẹn ló fà á. Fisíò rí yàrá méjì kan tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń là, inú rẹ̀ dùn, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó sì wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án láti mú ìyàwó àfẹ́sọ́nà lọ wò ó. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ó lè gbọ́ ọ díẹ̀ sí i.

Ìdánwò ti sún mọ́lé, wọ́n ń ṣe àtúnyẹ̀wò. Àǹtí Àfiwé na ọ̀pá sí ojú pátákó. Kíláàsì ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ohùn kan:

"Ìwọ ni fìtílà tó ń tàn ní yàrá ọkàn mi."

"Kí ni?"

"Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́!"

"Ìlẹ̀kùn ilé wa ti ń bi mí léèrè rẹ."

"Kí ni?"

"Ìfohunpènìyàn!"

"Bí mi ò bá rí ọ lónìí, ọ̀la kò ní mọ́."

"Àsọdùn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan ní iwájú ní, "Àǹtí, ta ló máa gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́?" Àwọn tó kù tún rẹ́rìn-ín sí i.

Àǹtí Àfiwé yí padà láti dá ọmọ náà lóhùn, ó sì rí i ní fèrèsé. Fisíò dúró bó ṣe máa ń dúró tí aláìsàn bá ń sọ ibi tó ń dùn ún, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń gbọ́. Kò wọlé. Nígbà tí ojú wọn pàdé, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé nǹkan fún, ó yí padà, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Obìnrin náà dúró pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó na án sí gbólóhùn kẹrin, wọ́n sì parí àtúnyẹ̀wò.

Ó pè é lórí fóònù nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ parí. Fisíò gbé e.

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ," ni ó wí. "Mo ti ń sọ wọ́n fún ara mi lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò gbé fóònù mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí wọ bàtà, ó lọ sílé ìyá Fisíò, ó bẹ̀bẹ̀ pé omijé ọmọ òun ti kún odò, pé kò jẹ kò mu, pé ó ti gbẹ ku egungun. Ìyá Fisíò ní kó jókòó, ó fún un ní omi, ó ní ọmọ òun ní kí wọ́n dá ọjọ́ náà dúró ná. Àǹtí padà wá, ó rí ọmọ tó ti gbẹ ku egungun tó ń jẹ ẹ̀wà. Ó bú sẹ́kún. "Ṣé o ò tilẹ̀ lè ṣe bí ẹni pé ó dùn ọ́ ni?"

"Bó ṣe di báyìí nìyẹn, Àǹtí," ni ó fèsì. "Mo ṣe bí ẹni pé."

Kò sí nǹkan tó yí padà nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Ó ń jí, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń máàkì pépà ìdánwò bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ó fẹ́ kọ àpẹẹrẹ àfiwé sójú pátákó fún kíláàsì tuntun, ọwọ́ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀kì mú dáadáa, kò sì rí ọ̀rọ̀ kọ. Gbogbo gbólóhùn tó ti ń lò láti ọdún yìí wá ti di ti ẹnìkan. Kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ ṣí ìwé, kí wọ́n kà á sínú. Ó jókòó, ó ń wo àwọn orí tó tẹ̀ba, ó sì mọ̀ pé bí òun ò bá lọ bá ọkùnrin yẹn, òun ó jókòó báyìí títí òun ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì ní dun òun.

Ó lọ ní àárọ̀ Sátidé. Kò mú alárinà dání. Ìyá Fisíò ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀, Fisíò ń tún ẹsẹ̀ àga kan ṣe ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò dìde. Ìyá fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún wọn, Àǹtí Àfiwé ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má lọ. Ẹ̀yin náà ni mo parọ́ fún."

Ìyá dúró. Irin gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn gbólóhùn yẹn, inú iṣẹ́ ni mo ti mú wọn," ni Àǹtí Àfiwé wí fún Fisíò. "O bi mí léèrè, mi ò sì ní nǹkan kan nínú mi tí mo lè fún ọ. Láti ìgbà ọ̀rọ̀ màmá mi, nǹkan kì í wọ̀ mí lára. Èyí tó dùn kì í wọ̀ mí, èyí tó korò kì í wọ̀ mí. Lọ́jọ́ tí o dúró ní fèrèsé yẹn, mo parí kíláàsì náà. Mi ò sunkún. Àǹtí ní mo sunkún, mi ò sunkún."

Fisíò gbé òòlù sílẹ̀. "Kí lo wá ṣe níbí, nígbà náà?"

"Mo fẹ́ máa wà níbi tí o bá wà. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. Mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é."

Ìyá gbé irin sórí ìjókòó rẹ̀ kí aṣọ má baà jó. Fisíò na ẹsẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọwọ́ kan wà tí kì í jí mọ́," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò sọ fún ọ nígbà tí mò ń tọ́jú tìrẹ, kí ẹ̀rù má baà bà ọ́. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ lè mú ife, kó má mọ̀ pé òun mú un, ife á já bọ́. Ohun tí mo máa ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n máa wo ọwọ́ náà. Bí ojú bá ti wà lára rẹ̀, ife kì í já. Ìyá kan wà lára àwọn aláìsàn mi tó ti ń mu tíì báyẹn tipẹ́."

"Ṣé kì í rẹ̀ ẹ́?"

"Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ gan-an."

Àǹtí Àfiwé rò ó. "Mo lè máa wò ọ́," ni ó wí. "Bó bá rẹ̀ mí, màá sọ fún ọ."

"Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá tún bi ọ́ léèrè ohun tí o ò ní, kí o sọ pé o ò ní."

"Mo gbọ́."

Ìyá Fisíò tú aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti lọ̀ tán. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá bá mi di etí rẹ̀ mú," ni ó wí. Wọ́n dìde, wọ́n dì í mú ní ìhà méjèèjì, wọ́n ká a, wọ́n tún un ká. Nígbà tí aṣọ kéré tán, ọwọ́ wọn pàdé.

Ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà, nínú yàrá tí wọ́n to àga sí bí ti ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Akọ̀wé tó ń so wọ́n pọ̀ ní ọ̀fìnkìn, tọkọtaya mẹ́ta mìíràn sì wà níta tó ń dúró dè é. Bàbá jókòó ní iwájú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà. Ìyá Fisíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àǹtí ti ń sunkún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé gbé bébà kan tí wọ́n fi ike bò, ìka àwọn ènìyàn ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Ó ní kí ọkọ máa tẹ̀lé òun. Fisíò tẹ̀lé e dé òpin. Ó kan ìyàwó. Àǹtí Àfiwé wo bébà náà, ó yí sí Fisíò, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ojú pátákó ni."

"Mo mọ̀," ni Fisíò wí. "Gbogbo ayé ló ń kà á. Kà á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé akọ̀wé, ó sì ń wo ojú ọkùnrin náà bó ti ṣèlérí, kò gbé ojú kúrò. Ó gbà á ní ọkọ. Ní ọ̀pọ̀, ní àìní. Ní ìlera, ní àìsàn. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ geere lẹ́nu rẹ̀, olùkọ́ ni. Akọ̀wé ní, "Títí ikú yóò fi yà wá."

"Títí ikú," ni Àǹtí Àfiwé wí, ó sì dúró.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọdún mẹ́ta. Ó wá orúkọ tó máa fún un bó ṣe máa ń ṣe, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀. Kò jọ nǹkan kan, wọn kò fi í dá ọnà kankan, kò ní orúkọ mìíràn ju èyí tí ó ní lọ. Ó dúró ní ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbóná. Akọ̀wé rò pé kò gbọ́ dáadáa, ó tún un kà. Obìnrin náà ṣì ń wo Fisíò, ṣùgbọ́n kò rí i mọ́, omi ti kún ojú rẹ̀, ó ń ṣàn dé ọrùn.

"Màmá mi kú," ni ó wí.

Akọ̀wé wo bébà rẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Láti ẹ̀yìn, ohùn bàbá dáhùn, ohùn kékeré tí kò bèèrè nǹkan kan.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ó kú."

Ẹkún náà wá jáde, ẹkún ńlá tó tẹ̀ ẹ́ ba, tí àwọn tó wà níta fi ń yọjú wò ó. Fisíò di ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì mú, kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Akọ̀wé wo aago ara ògiri, ó wò wọ́n, ó sì gbé bébà náà sórí tábìlì. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Àǹtí Àfiwé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó gbé orí sókè, ó wá ojú ọkọ rẹ̀ rí.

"Yóò fi yà wá," ni ó wí.